Ẹnu ẹja ló ń pa ẹja: Bí apẹja Alímọ̀ṣọ́ ṣe lè mọ ìdẹ tó bá odò mu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu òfòrò ní ń pa òfòrò. Bí ọ̀rọ̀ ẹja náà ṣe rí nìyẹn. Ìwọ̀ kò ní agbára kankan lórí ẹja tí kò bá la ẹnu. Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú ẹni tó bá gbé ọ̀pá ìwọ̀ lọ sí etí odò: kí ó mọ ohun tí ẹja inú odò náà ń jẹ lọ́jọ́ yẹn, kí ó sì fi ohun náà, tàbí ohun tó jọ ọ́, sẹ́nu ìwọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí àwọn tí wọ́n dàgbà sí etí omi ní Ọ̀jọ́, Àgbádárìgì tàbí Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ní Alímọ̀ṣọ́, níbi tí ilé ti gba ilẹ̀ oko tán, ó ti fẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé ènìyàn 1,277,714 ló ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní iye tí àwọn kà jẹ́ 2,047,026. Èyí ó wù kí èèyàn gbà nínú méjèèjì, òun ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó ló jẹ́ pé títù àti kótè inú yìnyín ni wọ́n mọ̀ ní ẹja, àfi àrọ̀ tí àwọn òbí wọn ń sìn nínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ra ìwọ̀ àti ọ̀rá, tó sì gba ọ̀nà Ọ̀sà Ológè lọ lọ́jọ́ ọlidé, ẹkòló díẹ̀ nínú agolo ló máa ń mú dání. Bí ẹja kò bá jẹ ẹ́, á ní odò náà kò lẹ́ja, á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ ẹja wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá kọ́ ló gbé wá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ìdẹ kan ò sì pa gbogbo ẹja.

Àrọ̀: imú ló fi ń jẹun

Odò Òwò tó ń ṣàn bọ̀ láti ìpínlẹ̀ Ògùn, tó sì ń dà sínú Ọ̀sà Ológè, ni omi dídùn ńlá tó sún mọ́ àwọn ará apá ìwọ̀-oòrùn Alímọ̀ṣọ́ jù lọ. Ẹja mẹ́ta tí apẹja oníwọ̀ sábà máa ń bá pàdé níbẹ̀ ni àrọ̀, èpìyà àti ọ̀bọ̀kún. Bí wọ́n ṣe ń jẹun yàtọ̀ síra.

Irùngbọ̀n mẹ́jọ ló yí ẹnu àrọ̀ ká, wọ́n sì wúlò fún un ju ojú lọ. Òun ló fi ń tọ́ omi wò nínú òkùnkùn àti nínú ẹrẹ̀. Alẹ́ ni àrọ̀ sábà máa ń jáde wá oúnjẹ, ó sì ń jẹ ohun gbogbo: ẹkòló, kòkòrò, ẹja kéékèèké àti òkú ẹran. Nítorí náà, ìdẹ tó ń rùn ló yẹ ẹ́. Ìfun adìyẹ, tí àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà máa ń kó dànù, dára púpọ̀, pàápàá bí wọ́n bá fi sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ náà dára, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó máa ń já bọ́ lẹ́nu ìwọ̀, òwú ni wọ́n fi ń dì í.

Ìdẹ kan wà tó máa ń ya àwọn ará ìlú lẹ́nu, ìyẹn ni ọṣẹ ìfọṣọ. Àwọn apẹja tó ń na okùn gígùn tí wọ́n so ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwọ̀ mọ́, láti Odò Ọya títí dé àwọn ọ̀sà ìsàlẹ̀, máa ń gé ọṣẹ wẹ́wẹ́ sẹ́nu ìwọ̀ wọn láti fi mú àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún. Ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe ọṣẹ náà ni ẹja ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Àǹfààní mìíràn ni pé ọṣẹ kì í tètè tú nínú omi, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kì í sì í já a jẹ bí wọ́n ṣe ń já ẹkòló.

Ti àrọ̀ inú adágún àwọn tó ń sin ẹja tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí ẹkòló rí láyé wọn, oúnjẹ kóró-kóró inú àpò ni wọ́n fi tọ́ wọn dàgbà. Bí wọ́n bá gba èèyàn láyè láti ju ìwọ̀ sí irú adágún bẹ́ẹ̀, ìdẹ tó dára jù ni kí ó rẹ oúnjẹ ẹja náà sínú omi díẹ̀, kí ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun, kí ó sì ṣù ú mọ́ ìwọ̀.

Èpìyà àti ọ̀bọ̀kún

Èpìyà kò dà bí àrọ̀ rárá. Ọ̀sán ló ń jẹun, ojú ló fi ń wá a, ẹnu rẹ̀ sì kéré. Ewé inú omi àti ohun tútù tó ń hù lára òkúta ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Ìwọ̀ ńlá tí wọ́n kó ìfun adìyẹ sí kò lè wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìwọ̀ kékeré, ọ̀rá tín-ín-rín àti búrẹ́dì tàbí ẹ̀bà tí wọ́n ṣù bí ẹ̀wà ló máa ń fà á mọ́ra. Wọ́n tún lè gé ẹkòló kéékèèké fún un. Kí ẹni tó ń ra ìwọ̀ má gbàgbé pé bí nọ́ńbà ara páálí ìwọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìwọ̀ náà ṣe kéré tó: ìwọ̀ nọ́ńbà 14 kéré sí nọ́ńbà 6.

Ó yẹ kí á mọ̀ pẹ̀lú pé àsìkò kan wà tí kò sí ìdẹ tí èpìyà máa jẹ. Ọ̀pọ̀ irú èpìyà ló máa ń gbé ẹyin rẹ̀ sẹ́nu títí àwọn ọmọ yóò fi jáde. Nínú irú kan tó wọ́pọ̀ ní àwọn ọ̀sà wa, èyí tí ọ̀fun rẹ̀ dúdú, bàbá ló ń gbé ẹyin náà, kì í ṣe ìyá. Ẹja tó kó ọmọ sẹ́nu kò ní àyè oúnjẹ. Bí apẹja bá sì ṣèèṣì fi àwọ̀n gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀, tó rí àwọn ọmọ tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹja ọdún tó ń bọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Kí ó dá a padà sómi.

Ní ti ọ̀bọ̀kún, ìsàlẹ̀ omi ló ń gbé, ó fẹ́ràn edé, ìgbín omi kéékèèké àti kòkòrò inú ẹrẹ̀. Edé tútù tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ ni ìdẹ tó bá a mu jù, ìwọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ ní òjé tí yóò mú un délẹ̀. Kí ẹni tó bá mú ọ̀bọ̀kún ṣọ́ra fún ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti ìhà rẹ̀, nítorí ó máa ń gún ni wọra.

Èsúnsún lẹ́yìn òjò

Ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí gbogbo òfin òkè yìí máa ń yí padà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ilẹ̀ sì rọ̀, èsúnsún á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú ilé ikán. Àwọn àgbà rántí bí wọ́n ṣe máa ń gbé abọ́ omi sábẹ́ iná láti fi kó wọn, tí wọ́n á sì yan wọ́n jẹ. Kì í ṣe ènìyàn nìkan ló ń retí wọn. Àwọn tó bá jábọ́ sójú omi kì í lè dìde mọ́, ẹja á sì máa gbé wọn mì láti ìsàlẹ̀. Ẹja tó ti ń jẹ èsúnsún láti àárọ̀ kì í bojú wo ẹkòló tó wà nísàlẹ̀ omi.

Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, apẹja tó gbọ́n á yọ òjé kúrò lára ọ̀rá rẹ̀, á fi èsúnsún méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ìwọ̀ kékeré, á sì jẹ́ kó léfòó lójú omi. Tata àti ìrẹ̀ náà ṣe é lò báyìí ní etí odò tí koríko bá wà, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń gbé wọn já sómi.

Bí òyìnbó ṣe ń ṣe tiwọn

Ohun tí àwọn òyìnbó sọ di iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ní àwọn odò tútù àríwá ayé, bíi ti Scotland àti Norway, kò ju ọ̀rọ̀ èsúnsún yìí lọ. Ẹja trout tó wà níbẹ̀ fẹ́ràn àwọn kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń jáde láti inú omi. Kòkòrò náà kéré, kò ṣe é fi kọ́ ìwọ̀. Nítorí náà, wọ́n ń fi òwú, irun ẹran àti ìyẹ́ ẹyẹ we ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò. Eṣinṣin àtọwọ́dá ni wọ́n fi ń pẹja.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Aelian kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Macedonia máa ń we òwú pupa mọ́ ìwọ̀, wọ́n á sì fi ìyẹ́ méjì láti ìtòsí ọ̀fun àkùkọ kún un. Ó ní ìdí rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ ènìyàn bá kan kòkòrò gidi tí ẹja náà ń jẹ, ìyẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́, ẹja kò sì ní jẹ ẹ́ mọ́. Ní ọdún 1496, wọ́n tẹ ìwé kan lórí ìwọ̀ jíjù ní England, wọ́n sì to irú eṣinṣin àtọwọ́dá 12 sínú rẹ̀, ní oṣù tí kálukú wọn bá mu.

Títí di òní, ẹni tó bá ń lọ sí irú odò bẹ́ẹ̀ kì í kàn kó eṣinṣin sínú àpótí. Á kọ́kọ́ dúró wo ohun tó ń fò lójú omi, á sì yí òkúta inú odò wò láti mọ ohun tó ń gbé abẹ́ rẹ̀. Bí kòkòrò náà ṣe tóbi tó ló máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni bó ṣe rí, àwọ̀ rẹ̀ ló máa kẹ́yìn. Bí ẹja bá ń jẹun lójú omi, eyí tó ń léfòó ló máa mú. Bí kò bá sí ẹja lójú omi, á mú èyí tó ń rì.

Ti ẹja salmon yàtọ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti kúrò lókun tó wọ inú odò láti lọ yé ẹyin, kì í jẹun mọ́. Eṣinṣin tí wọ́n ń jù sí i kì í ṣe láti tan ikùn rẹ̀, bí kò ṣe láti mú inú bí i tàbí láti ta á jí. Bí omi bá kún tó sì dọ̀tí, wọ́n á lo ńlá tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn. Bí omi bá fà tó sì mọ́, wọ́n á lo kékeré tí kò hàn púpọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìyẹ́ ẹtù, ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń sìn, wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ eṣinṣin salmon yìí.

Ẹ̀kọ́ nípa àwọ̀ omi yìí wúlò nílé náà. Nígbà tí òjò bá sọ odò Òwò di pupa, ojú ẹja kò lè ríran jìnnà. Ìdẹ ńlá tó ní òórùn ló yẹ, ẹkòló sì bá àsìkò náà mu nítorí àgbàrá ń gbé e wọ inú odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá mọ́ gaara, ìdẹ kékeré àti ọ̀rá tín-ín-rín ló yẹ, kí òjìji apẹja má sì hàn lójú omi.

Bí àwọn ọmọ yín tó wà ní ìlú ọba bá fẹ́ dán an wò, ẹ sọ fún wọn pé òfin wà níbẹ̀. Ní England àti Wales, ẹni tó bá ti pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ kó tó ju ìwọ̀ sí odò omi dídùn. Ọ̀pọ̀ odò England ló sì ní àsìkò tí wọ́n ń fún ẹja ní ìsinmi, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà.

Kòkòrò abẹ́ òkúta ń jẹ́rìí

Yíyí òkúta wò yìí ní èrè mìíràn tó ṣe pàtàkì fún àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ ju ẹja pípa lọ. Kòkòrò tí èèyàn bá bá lábẹ́ òkúta lè sọ bí omi náà ṣe mọ́ tó.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ tí ẹja fẹ́ràn kò lè gbé inú omi ẹlẹ́gbin, nítorí atẹ́gùn inú irú omi bẹ́ẹ̀ kò tó wọn. Bí onírúurú kòkòrò bá wà lábẹ́ òkúta, tí wọ́n ń sáré kiri, odò náà ṣì ń mí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdin tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ nìkan ló wà nínú ẹrẹ̀, tàbí ìdin onírù gígùn bíi ti eku, ẹ fura. Ohun tó mú ìdin àkọ́kọ́ pupa náà ló ń jẹ́ kó rí atẹ́gùn fà níbi tí atẹ́gùn kò ti tó. Èkejì ń na ìrù rẹ̀ sókè láti mí lójú omi. Àwọn méjèèjì lè gbé ibi tí nǹkan mìíràn ti kú.

Ọ̀pọ̀ ìṣàn omi tó gba àárín ilé kọjá ní Alímọ̀ṣọ́ ló ti di ibi ìdalẹ̀nù. Ní Ìgàndó, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kó ìdọ̀tí ìlú lọ sí ààtàn Solous. Bí òjò bá rọ̀ sórí ààtàn, omi rẹ̀ á gba inú ìdọ̀tí kọjá, á fa oró bátìrì àti irin jíjẹrà mọ́ra, á sì wá ọ̀nà sínú ilẹ̀. Irú oró bẹ́ẹ̀ kì í hàn lára ẹja, kì í sì í tán nínú rẹ̀ bí wọ́n bá sè é tàbí bí wọ́n bá yan án.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á rí àrọ̀ ńlá nínú kòtò ojú pópó, wọ́n á ní bí omi náà kò bá dára, ẹja náà ì bá ti kú. Àrọ̀ kò ṣe é fi jẹ́rìí. Ó ní ẹ̀yà ara kan nínú orí rẹ̀ tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ìdí nìyí tó fi lè gbé inú ẹrẹ̀ tí èpìyà á ti kú. Pé àrọ̀ wà láàyè nínú omi kan kò fi hàn pé ó yẹ kí ọmọ ènìyàn jẹ ẹ́. Kòkòrò abẹ́ òkúta ni kí ẹ bi léèrè, kì í ṣe àrọ̀.

Oògùn kì í ṣe ìdẹ

Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tó ń da oògùn sódò. Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ Gamalin 20 dáadáa, oògùn apakòkòrò ni. Nígbà tí àwọn kan rí i pé ó ń pa ẹja, wọ́n gbé e lọ sí odò. Lindane ni oró inú rẹ̀, òun sì ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi ẹnu kò sí ní ọdún 2009, lábẹ́ àdéhùn Stockholm, pé kí wọ́n yé lò ó fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn ṣì wà lọ́jà tí àwọn ènìyàn ń lò bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdẹ àti oògùn kò ṣòro láti rí. Ìdẹ máa ń yan ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀: ẹja kan, ẹnu kan, ìwọ̀ kan. Oògùn kì í yàn. Ó ń pa bàbá èpìyà pẹ̀lú ọmọ ẹnu rẹ̀, ó ń pa edé àti kòkòrò tí ẹja tó kù ì bá jẹ, ó sì ń bá ẹja náà dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Abúlé tí wọ́n bá da oògùn sí odò wọn lónìí lè jẹ ẹja àjẹyó lálẹ́, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kí wọ́n tó tún rí ẹja níbẹ̀.

Kí ẹ tó dé etí omi

Kí ẹni tó bá ń lọ mú ìdẹ mẹ́ta dání, ó kéré tán: èyí tó ń rùn fún àrọ̀, búrẹ́dì tàbí ẹ̀bà fún èpìyà, àti edé fún ọ̀bọ̀kún. Bí ó bá dé etí omi, kí ó fi ojú wo omi náà fún ìgbà díẹ̀ kó tó ju ìwọ̀. Bí ìdẹ kan kò bá ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí ó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí ó pààrọ̀ bí ìwọ̀ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó.

Kí ó má ṣe wọ inú omi tó dúró jẹ́ẹ́ tí ìgbín wà nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti ń wọ ara. Kí ó má sì ṣe tẹ ewéko tó bo omi lójú. Láti ọdún 1984 tí ewéko tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth ti wọ àwọn omi wa láti apá Àgbádárìgì, ó ti sọ ọ̀pọ̀ ibi di ohun tó jọ ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ará Ìkòtún kò lè gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá àsálà sì kó sínú kánáàlì Òkè-Àfà tí ewéko bò, wọ́n sì kú síbẹ̀.

Ẹni tó bá ń mú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ lọ sí odò, kí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní yíyí òkúta wò kó tó kọ́ ọ ní jíju ìwọ̀. Ọmọ tó bá mọ ohun tí ẹja ń jẹ á mọ ẹja tó yẹ kí òun náà jẹ, kò sì ní da oògùn sódò nítorí ìkánjú. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní ń le koko.